Ibi Tí A Bá Sùn Nìkan Là Ń Lẹ̀

Velsburg, North Dakota
Ọjọ́ kejìlá oṣù Karùn-ún, 1994

Marlys ọmọ mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ìwọ àti Colin ọkọ rẹ. Ó yẹ kí òtútù ti máa wọlé sí yín lára báyìí, torí ẹ̀yin ará New Zealand, ayé yín dojú dé: ìgbà tí tiwa bá ń móoru ni tiyín ń tutù. Yìnyín ti yọ́ tán níhìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀nà oko ṣì rọ̀. Mọ́tò Elroy aládùúgbò wa rì sínú ẹrẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, èmi ni mo fi okùn fà á jáde, ó sì ní òun mọ̀ọ́mọ̀ dúró síbẹ̀ láti wo àlìkámà òun ni. Mo gbà fún un bẹ́ẹ̀.

Ìyá rẹ ń kí ọ. Nígbà tí o pè lọ́jọ́ Àìkú, ó wà nínú ọgbà. O sì mọ̀ pé etí èmi àti fóònù ò rẹ́, lẹ́tà ló yé mi jù.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí o bá mi bi ọkọ rẹ, nítorí iṣẹ́ àtúnṣe ọkọ̀ ojú omi tó ń ṣe. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ká tapólì kúrò lórí ilé onítáyà wa tí a máa ń fi mọ́tò fà lọ sí ìrìn àjò, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo sì rí i pé ara ògiri rẹ̀ ti sán. Ó bẹ̀rẹ̀ láti igun fèrèsé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì ìjẹun, ó ń lọ sísàlẹ̀, tín-ín-rín bí irun orí. Fáíbà ni ògiri yẹn, irú èyí tí Colin ń fi ọwọ́ kàn lójoojúmọ́. Bi í léèrè irú gọ́ọ̀mù tí mo lè fi dí i. Ṣùgbọ́n sọ fún un pé n kò fẹ́ àtúnṣe tí yóò mú kí ilé náà dúró sójú kan fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. À ń lò ó. Mo mọ̀ pé yóò fẹ́ bi mí pé kí la ń fi í ṣe nígbà tí ilẹ̀ ò tíì gbẹ. Kó dá mi lóhùn gọ́ọ̀mù ná.

Jẹun dáadáa. Ìyá rẹ ló ní kí n sọ bẹ́ẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Arvid


Nelson, New Zealand
Ọjọ́ kẹta oṣù Kẹfà, 1994

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ sì kú orí ire pé ìgbà òtútù tún lọ. Lẹ́tà yín dé lánàá. Colin kà á nídìí oúnjẹ, ọbẹ̀ sì ti kán sí orúkọ Elroy.

Ohun tó ní kí n sọ fún yín nìyí. Ó ní kí ẹ má tíì fi gọ́ọ̀mù kan nǹkan kan. Ó ní bí ògiri fáíbà bá sán láti igun fèrèsé, kì í sábà jẹ́ ẹ̀bi ògiri, ohun tó wà lábẹ́ ló ń mì. Irin tó gbé gbogbo ilé náà, ìyẹn ṣásí, lè ti tẹ̀ tàbí kó ti ya níbì kan. Bí mọ́tò bá wá ń fà á lórí ọ̀nà tí kò dán, ilé á máa fì, igun fèrèsé ni ìfì yẹn á sì ti já sóde. Bí ẹ bá dí ojú rẹ̀ lásán, omi á gba ibòmíràn wọlé, pákó inú ògiri á máa jẹrà láìjẹ́ pé ẹ rí i. Ó ní kí ẹ mú pẹ́ńsù, kí ẹ fa ìlà kékeré síbi tó sán dé, kí ẹ kọ déètì sí i. Bí kò bá kọjá ìlà yẹn, ẹ fọkàn balẹ̀. Bó bá kọjá, kí ẹ má fà á mọ́ títí ẹnì kan á fi wọ abẹ́ rẹ̀. Nígbà tí kò bá sí ohun tó ń mì í, kò ní sán sí i.

Ti Colin ti parí, ó wá ku tèmi.

Bàbá, ọdún kejì rèé tí ẹ ti ń sọ pé ẹ̀ ń bọ̀ níbí. Mo ti kun yàrá yín. Mo ti wá bẹ́ẹ̀dì tí kò ga, torí orúnkún Màmá. Ẹ ò sọ pé ẹ ò wá mọ́, ẹ ò sì sọ ìgbà tí ẹ máa wá. Màmá náà ò kọ̀wé sí mi láti Kérésì, Màmá tó lè kọ ojú ìwé mẹ́rin lórí ọ̀rọ̀ tòmátì nìkan. Bí mo bá pè, ẹ á ní ó wà nínú ọgbà. Bàbá, mo pè nínú oṣù Kejì, yìnyín bo ọgbà yẹn dé orúnkún, ẹ ní ó wà nínú ọgbà. Ṣé mo ṣẹ̀ ẹ́ ni? Ọmọ kan ṣoṣo tó bí ni mí, mo mọ̀ pé ó dùn ún pé mo lọ fẹ́ ọkọ síbi tó jìnnà báyìí. Bó bá ń bínú, kó kọ ọ́ kí n kà á.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Kó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé onítáyà, kí Colin lè rí ògiri, kí èmi lè rí Màmá.

Ọmọ yín,
Marlys


Velsburg
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹfà, 1994

Marlys ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Colin, ẹ kú òtútù o. Tiwa ti móoru báyìí, ẹ̀fọn sì ti jí.

Mo fa ìlà pẹ́ńsù bí ọkọ rẹ ṣe wí. Ó kọjá ìlà náà. Mo fa òmíràn, ó tún kọjá ìyẹn. Igun kejì fèrèsé ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, igun ilẹ̀kùn náà ti ń dábàá àtisán. Mo mú tọ́ọ̀ṣì, mo wọ abẹ́ ilé náà, ẹ̀yìn mi bá ta kú síbẹ̀. Elroy ló di ẹsẹ̀ mi mú tó fi wọ́ mi jáde, ó ní òun ti san gbèsè okùn. N kò rí ibi tí irin ti ya, ṣùgbọ́n ojú mi náà kì í ṣe ti àtijọ́ mọ́. Mo ti fi gọ́ọ̀mù dí gbogbo rẹ̀. Bẹ Colin kó má bínú.

A ṣì ń gbé e jáde díẹ̀díẹ̀ nírọ̀lẹ́. Elroy ń fi mí ṣẹ̀sín, ó ní bí mo bá fẹ́ tà á, kí n gbé e lọ sọ́jà, kí n yé fi í kiri ojú ọ̀nà oko bí ẹni ń kiri búrẹ́dì.

Ọrùn ọwọ́ ló ń dun ìyá rẹ tí kò fi kọ̀wé. Kò bínú sí ọ rárá. Láàárọ̀ yìí ó bi mí bóyá o ti jẹun, mo ní o ti jẹun.

Fọ́tò náà rèé. Aṣọ òtútù aláwọ̀ ewé tí o fi ránṣẹ́ ló wọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ooru mú lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ wíwá wa sọ́dọ̀ yín, jẹ́ ká fi sílẹ̀ ná títí a ó fi kórè tán.

Bàbá rẹ,
Arvid


Nelson
Ọjọ́ ogún oṣù Keje, 1994

Bàbá,

Mo kí yín. Mo rí fọ́tò. Màmá ti rù, ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín, inú mi sì dùn. Mo gbé e sórí àpótí oúnjẹ, mo ń wò ó bí mo ṣe ń dáná. Lẹ́yìn náà ni mo wá wo ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Oregon. Maine. Florida. Utah. Sítíkà tuntun tó ní orúkọ ìpínlẹ̀ lára yí fèrèsé ká, wọ́n tún lọ dé ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Kò sí ìkankan níbẹ̀ nígbà tí mo kúrò nílé.

Bàbá, mo mọ òfin ilé wa. Ibi tí a bá sùn nìkan là ń lẹ̀. Ṣé ẹ rántí Idaho? Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. A dúró jẹ búrẹ́dì níbẹ̀, a ki ẹsẹ̀ bọ odò, ẹ ra sítíkà rẹ̀ fún mi, mo sì sunkún láti ibẹ̀ dé Montana torí Màmá ò jẹ́ kí n lẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Búrẹ́dì la jẹ níbẹ̀, a ò sùn níbẹ̀. Mi ò ní purọ́ mọ́ ògiri mi." Ẹ bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Títí di òní Idaho ò sí lára ilé yẹn.

Torí náà ẹ má sọ fún mi pé ẹ ò lọ. Màmá ò lè gbà kí sítíkà ibi tí kò sùn wà lára ògiri rẹ̀, èékánná ló máa fi họ ọ́ kúrò. Ẹ sùn ní Oregon. Ẹ sùn létí òkun tí èmi wà ní òdìkejì rẹ̀. Ẹ lọ sí Florida, níbi tí ẹ ò ti mọ ẹnì kankan. Gbogbo Amẹ́ríkà lẹ lè yí po, ìgbà tó kan ọ̀dọ̀ ọmọ yín ni orúnkún wá ń dùn yín, lẹ́tà ọmọ yín nìkan ni ọrùn ọwọ́ Màmá ò lè kọ.

Mo ti gbàyè lẹ́nu iṣẹ́ láti wá bá yín ṣe Kérésì. Mo fẹ́ kí ẹ kàn rí mi lẹ́nu ọ̀nà ni. Mo ti lọ sọ fún wọn pé mi ò lọ mọ́.

Ẹ má kọ̀wé ògiri sí mi mọ́, Bàbá. Ó ń dùn mí. Colin kì í ṣe mẹkáníìkì yín.

Marlys


Velsburg
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹjọ, 1994

Marlys ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé. Mo kà á nínú àká, lẹ́yìn náà mo tún kà á. Ìyá rẹ kò mọ̀ pé ó dé.

O ní kí n má kọ̀wé ògiri sí ọ mọ́, n kò ní kọ ọ́. Ẹ̀wà tí a gbìn ṣe dáadáa lọ́dún yìí. Òjò pa àlìkámà apá ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ti òkè kò burú. Elroy ń kí ọ.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Má bínú sí ìyá rẹ. Bí o bá máa bínú, gbé gbogbo rẹ̀ lé mi lórí, mo tó o gbé. Ìgbà yòówù kí o wá, ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí.

Bàbá rẹ


Nelson
Ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹsàn-án, 1994

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti kọ lẹ́tà yìí, mo ti fà á ya, mo tún ń kọ òmíràn. Inú ń bí mi nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ti àkọ́kọ́. Ẹ̀rù ló ń bà mí báyìí.

Lọ́jọ́ Àìkú, Colin mú fọ́tò yẹn kúrò lórí àpótí, ó gbé e lọ síbi ìmọ́lẹ̀, ó dúró tì í pẹ́. Ó ní, "Marlys, wá wo nǹkan." Ó ní ẹni tó bá ń lẹ sítíkà fún ẹwà, ojú tó mọ́ láàárín ògiri ló máa ń lẹ̀ ẹ́ sí. Ó ní gbogbo tiyín, igun ni wọ́n wà, igun fèrèsé, igun ilẹ̀kùn, wọ́n sì tẹ̀ lé ara wọn lọ sísàlẹ̀ bí ibi tó sán ṣe máa ń lọ. Ó ní ọgbẹ́ lẹ fi wọ́n bò. Ó tún ní ilé tó bá lọ sí Florida lórí títì ọlọ́dà tó dán kì í sán báyẹn. Èyí tí wọ́n ń fà lójoojúmọ́ lórí ọ̀nà olókùúta ló ń sán báyẹn.

Mo ní irọ́ ni, pé Màmá ò ní gbà. Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo gba fọ́tò náà. Mo ń wo ojú Màmá. Ó wọ aṣọ òtútù nínú ooru. Oregon tí kò sùn rí wà ní ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Bàbá, ibo lẹ̀ ń fa ilé yẹn lọ lójoojúmọ́? Kí ló ń ṣe Màmá?

Ẹ má sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀wà fún mi. Ẹ jọ̀ọ́.

Marlys


Velsburg
Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹsàn-án, 1994

Marlys ọmọ mi,

Jókòó kí o tó kà á, kí o sì jẹ́ kí Colin wà nítòsí.

Ọkọ rẹ ríran. Abẹ́ sítíkà kọ̀ọ̀kan ni ibi tó sán kan wà. Inú agolo bísíkíìtì kan ni mo ti rí àwọn sítíkà náà, níbi tí àwọn ọmọ kan ti ń ta ẹrù bàbá wọn tó kú. A kò dé Oregon. A kò kúrò ní Velsburg láti ìgbà ìkórè tó kọjá.

Ìyá rẹ kò mọ ilé wa mọ́. Kì í ṣe ní gbogbo ìgbà. Láàárọ̀ ó máa ń dára, yóò bó ọ̀dùnkún, yóò bú mi bó ṣe tọ́. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, yóò gbé báàgì rẹ̀ lé itan, yóò ní, "Arvid, àwọn onílé yìí ti ṣe wá lálejò tó. Jẹ́ ká máa lọ sílé wa." Inú ilé tó ti tọ́ ọ dàgbà ló ti ń sọ ọ́. Mo kọ́kọ́ máa ń bá a jiyàn. Mo fi fọ́tò ìgbéyàwó wa tó wà lára ògiri hàn án, ó ní àwọn onílé náà mà jọ wá o. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kejì ó jáde láìwọ bàtà, Elroy ló rí i lójú ọ̀nà. Elroy kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀fẹ̀ tó ń ṣe nípa mímú ilé kiri, ó ń ṣe é kí n lè rí ẹ̀rín rín ni.

Ilé onítáyà nìkan ló ṣì mọ̀. Bó bá ti wọ inú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ mọ ibi tí síbí wà, ó mọ ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tó máa ń há. Torí náà bó bá ti gbé báàgì, èmi náà yóò lọ so ilé náà mọ́ mọ́tò. Yóò jókòó tì mí níwájú, a ó gba ẹ̀yìn oko Elroy, a ó gba iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, a ó yí oko bíìtì tí wọ́n fi ń ṣe ṣúgà ká títí yóò fi sọ pé ó tó. Lẹ́yìn náà a ó padà sínú ọgbà tiwa, n ó fi ẹ̀yìn wọ ibi tí mo ti gbé e kúrò lábẹ́ igi. Yóò sọ̀kalẹ̀, yóò ní, "Kí lorúkọ ibí?" Èyí tó bá wà lókè nínú agolo ni n ó pè. Yóò wò yíká, yóò ní, "Ó dáa. Ó dákẹ́." A ó sùn síbẹ̀. Bílẹ̀ bá mọ́, yóò béèrè sítíkà.

Nítorí náà má ṣe rò pé ìyá rẹ gba irọ́ láàyè lára ògiri rẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi lẹ gbogbo wọn, ó sì sùn níbẹ̀ kó tó lẹ̀ wọ́n. Kò rú òfin náà. Tèmi kò ju kí n nawọ́ síbi tó ti sán kí n ní, "Ibí ńkọ́, Thora?"

Òkè ilẹ̀kùn nìkan ni kì í jẹ́ ká lẹ nǹkan sí. Ògiri ti sán dé ibẹ̀ náà, omi sì ti ń wọlé, ṣùgbọ́n bí mo bá nawọ́ sí i, yóò gbá ọwọ́ mi dànù. Ó ní ibẹ̀ ni ti Marlys.

O máa bi mí pé kí ló dé tí n kò sọ fún ọ. Nígbà tí dókítà sọ ọ́ fún wa ní oṣù Kọkànlá, ọkàn rẹ̀ ṣì pé. Ó mú kí n jẹ́ ẹ̀jẹ́ nínú mọ́tò ká tó kúrò níwájú ọsibítù. Ó ní, "Má jẹ́ kó sáré wá wò mí bí ẹni wá sìnkú. Èmi ni mo máa lọ sùn nílé rẹ̀." A bẹ̀rẹ̀ sí í múra. Nígbà tí yìnyín fi máa yọ́, mo mọ̀ pé n kò lè gbé e wọ bàálù. Mo kàn ń sún un síwájú, torí ẹni tó bá ṣì ń múra kò tíì sọ pé òun kò lọ.

Sọ fún Colin pé mo gbọ́ ohun tó wí. Irin kan ti ya lóòótọ́, mo ti rí i báyìí. Ó ní kí n má fà á mọ́. Bí n kò bá fà á mọ́, níbo ni kí n máa gbé e lọ bó bá gbé báàgì rẹ̀ lé itan?

Ó ṣì ń pe orúkọ rẹ. N kò lè sọ fún ọ pé yóò mọ̀ ọ́ bó bá rí ọ. Bí yìnyín bá bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà kò ní ṣeé gbà mọ́. Bí o bá lè wá, wá.

Bàbá rẹ,
Arvid


Nelson
Ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹwàá, 1994

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo ń bọ̀. Èmi gan-an lè ṣáájú lẹ́tà yìí délé. Mo bú yín, ẹ ò bú mi padà, ẹ̀wà lẹ kọ sí mi. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ wo ojú yín.

Colin ní kí ẹ má fà á títí n ó fi dé. Mo ní ẹ máa fà á. Ó wá ní kí ẹ máa rọra lọ.

Mo mú sítíkà tibí dání.

Marlys


Nelson
Ọjọ́ ogún oṣù Kọkànlá, 1994

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìtọ́jú Màmá o, ẹ sì kú ìdáwà. Mo délé láìséwu. Colin ń kí yín, ó ti ya àwòrán bí ẹ ṣe máa fi irin tuntun gbe ṣásí yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wà nínú àpò ìwé yìí.

Ní pápákọ̀ òfurufú ẹ bi mí pé kí ni Màmá sọ fún mi láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ wà lábẹ́ ilé onítáyà, tí ẹ jáde tí ẹ bá mi tí mò ń sunkún. Ẹnu mi ò lè sọ ọ́. Mo lè kọ ọ́.

Ẹ rántí ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ náà. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn "ìyá oníbùdó" ló ń pè mí, ó rò pé èmi ni mo ni ibi tí ẹ̀ ń sùn sí. Àwa mẹ́ta jókòó síwájú mọ́tò, òun láàárín. Nígbà tí a dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, irin yẹn ké lẹ́yìn wa, ẹ sì ń rọra wakọ̀ bí ẹni tó gbé ẹyin. A dé abẹ́ igi, ó sọ̀kalẹ̀, ó bi yín pé kí lorúkọ ibẹ̀. Ẹ wò mí. Mo ní, "New Zealand ni, Màmá." Ó wo àká, ó wo oko Elroy, ó ní, "Ó jọ ilé wa." Ó wá di ọwọ́ yín mú. Ó ní, "Arvid, a ti dé ọ̀dọ̀ Marlys." Mo mọ ohun tí ẹ rò lọ́kàn nígbà yẹn, torí ohun tí èmi náà rò nìyẹn, pé bílẹ̀ bá mọ́ ó máa mọ̀ mí.

Ilẹ̀ mọ́, ẹ wọ abẹ́ ilé. Ó jáde pẹ̀lú sítíkà lọ́wọ́, ó ní kí n bá òun di àpótí mú. Ó gun orí rẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ sókè ilẹ̀kùn, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ títí kò fi sí afẹ́fẹ́ kankan lábẹ́ rẹ̀. Ibi tó sán yẹn ti wọ abẹ́ rẹ̀ láti òsì, ó yọ jáde díẹ̀ lọ́tùn-ún. Kò wò ó. Ó gbé àga méjì jáde, ó jókòó sórí ọ̀kan, ó ní kí n bá òun ya irun.

Mo ń ya á. Ó ní, "Ìyá oníbùdó, ṣé o mọ ọmọ mi? Marlys lorúkọ ẹ̀. Ìlú yín yìí ló ń gbé."

Mo ní, "Màmá, èmi nìyí. Èmi ni Marlys."

Ó yíjú padà, ó wò mí dáadáa. Bàbá, ó wò mí pẹ́. Ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Ó wá ní, "O ṣeun, o láàánú. Àmọ́ ọmọ mi ni mò ń wí."

Ó ní Marlys mọ̀ pé ẹ̀ ń bọ̀, ó ti kun yàrá sílẹ̀, ó ti wá bẹ́ẹ̀dì tí kò ga. Ó há gbogbo lẹ́tà mi sórí, Bàbá. Ó ní iṣẹ́ ló dá a dúró, kì í ṣe pé kò fẹ́ rí yín. Ó ń bẹ̀ mí pé kí n má rò ó sí ọmọ burúkú. Mo fẹ́ jókòó sórí àga kejì. Ó fọwọ́ dí i. Ó ní, "Jọ̀ọ́, má jókòó síbẹ̀. Òun ni mo gbé e sílẹ̀ dè."

Ìdúró ni mo wà tí mo fi ya irun rẹ̀ tán.

Bó bá tún béèrè mi, ẹ sọ fún un pé mo wá. Ẹ sọ fún un pé mo dé ibẹ̀.

Ọmọ yín,
Marlys


Velsburg
Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kìíní, 1995

Marlys ọmọ mi,

Ẹ kú ọdún tuntun o, ìwọ àti Colin. Òtútù mú débi pé epo dì nínú mọ́tò. Má bínú pé lẹ́tà mi pẹ́.

Yìnyín ti bo ọ̀nà láti ìparí oṣù Kọkànlá, n kò sì rí ibì kankan fà á lọ mọ́. Ìrọ̀lẹ́ wá burú fún un. Ó lu ilẹ̀kùn ilé títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Mo ti gbé e lọ sílé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní ìlú, kó tó di Kérésì. Mo ń lọ lójoojúmọ́. Wọ́n ń ṣe dáadáa sí i. Ó rò pé ibùdó ni, ó sì ń ráhùn pé wọn kò ní sítíkà.

Mo sọ fún un pé o wá. Ó ní rárá o, bí o bá wá òun ì bá mọ̀.

Ó ti sọ fún gbogbo àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ pé òun ti dé New Zealand. Ó ní ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ bíi tiwa, wọ́n sì ń gbin àlìkámà. Ó ní òun kò bá ọmọ òun nílé, àga tí òun gbé sílẹ̀ dè é ṣófo títí, ṣùgbọ́n obìnrin kan wà níbẹ̀ tó bá òun ya irun. Ó ní ìsàlẹ̀ irun ni obìnrin náà ti bẹ̀rẹ̀ kó má bàa fa òun lórí, bí òun gan-an ṣe máa ń ya ti Marlys nígbà tó wà ní kékeré. Ó ní ẹni tó bí obìnrin yẹn kọ́ ọ dáadáa.

Àwòrán tí Colin yà wà lórí tábìlì mi. Iṣẹ́ dáadáa ni, ṣùgbọ́n n kò tíì ra irin. Ilé náà wà lábẹ́ igi, mo ti gbọn yìnyín kúrò lára ògiri rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo gbé ìyá rẹ lọ, kí n tó wọ mọ́tò, mo fa ìlà pẹ́ńsù sí òpin ibi tó sán lókè ilẹ̀kùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíkà yín, mo sì kọ déètì sí i. Àràárọ̀ ni mò ń jáde lọ wò ó kí n tó mu kọfí. Kò tíì kọjá ìlà náà.

Sọ fún ọkọ rẹ pé òótọ́ ló wí. Kò sí ohun tó ń mì í mọ́, kò sì sán sí i. Ì bá tẹ́ mi lọ́rùn kó máa sán lọ.

Bàbá rẹ,
Arvid